Àárín Èémí Méjì: Àtúnṣe Lórí Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Dé Iṣan Èémí

Lásìkò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà bá ń múra eré ìdíje íńtá-háósì, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn olùkọ́ eré ìdárayá. Ọmọ á sáré dé ìdajì pápá, á fọwọ́ di ìhà mú, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìhà ń gún mi." Èsì tó sábà máa ń gbọ́ ni pé iṣan tó fi ń mí ló ń súnkì jù, ó ti fún òpó ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè débẹ̀ mọ́, ìyẹn ló ṣe ń ro ó. Bákan náà lẹ ó gbọ́ ọ ní àwọn jíìmù Okokomaiko tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé irin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera pàápàá a máa kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé gbogbo ìgbà tí iṣan èémí bá súnkì ló ń dínà ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀, àti pé bí ènìyàn bá ṣe ń mí kíkankíkan tó ni ẹ̀jẹ̀ iṣan náà ń dín kù tó.

Àṣìṣe ni, kì í sì í ṣe èyí tó yẹ ká gbójú fò. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò máa wá ewu lára ọmọ tó ń sáré, níbi tí ewu kò sí, yóò sì kọjá lára ọmọ tí òtútù àyà mú, níbi tí ewu lúgọ sí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà o. Òótọ́ díẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, òun náà ló sì yẹ ká kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ iṣan tí à ń sọ ná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń fa afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní iṣan tó lè fi fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ohun mìíràn ló ń nà án, tó fi ń gbòòrò. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ náà jù lọ ni dáyáfíráàmù, iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà sí àárín àyà àti ikùn, tó so mọ́ egungun ìhà yíká nísàlẹ̀ àyà, tí àárín rẹ̀ sì yọ gọnbu sókè nígbà tó bá dẹ̀. Bí ó bá súnkì, àárín rẹ̀ á wálẹ̀, àyè inú àyà á gbòòrò, afẹ́fẹ́ á wọlé. Ohun tó wà nínú ikùn á sún síwájú, ikùn á sì yọ. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n lára. Bí dáyáfíráàmù bá wá dẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á padà sí ìwọ̀n rẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ṣe èyí bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní èyí tó kéré jù, ó lé ní ìgbà 17,000 lójúmọ́, láti ọjọ́ ìbí títí dé ọjọ́ ikú, láìgba ìsinmi ọdún.

Iṣan tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí kò gbára lé òpó ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Òpó méjì ń ti ìsàlẹ̀ wá bá a, wọ́n ya lára òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn tàbí lára ẹ̀ka rẹ̀ nínú ikùn. Àwọn mìíràn ń ti òkè wá láti ara òpó méjì tó gba ẹ̀yìn egungun àárín àyà sọ̀kalẹ̀. Àwọn ẹ̀ka mìíràn tún ń yọ wá láti àárín àwọn egungun ìhà ìsàlẹ̀. Alain Comtois, Alejandro Grassino àti ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé ètò yìí ní 1987: gbogbo àwọn òpó wọ̀nyí pàdé ara wọn, wọ́n ṣe òrùka yí iṣan náà ká, débi pé bí ọ̀kan bá dí, ẹ̀jẹ̀ ṣì lè gba ibòmíràn wọlé. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó yí fọ́nrán iṣan rẹ̀ ká náà pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ iṣan apá àti ẹsẹ̀ lọ. Bí a bá ro ètò yìí dáadáa, yóò ṣòro ká gbà pé iṣan tí a pèsè ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó tó báyìí fún ni yóò máa febi pa ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣiṣẹ́.

Níbo wá ni àṣìṣe náà ti wá? Láti ara ìwádìí tó dájú ni, tí wọ́n gbé lọ síbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Ní 1939, Henry Barcroft àti J. L. E. Millen wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun nígbà tí ènìyàn bá mú un le, tí kò sì dẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí i pé bí súnkì náà bá ti le tó, ẹ̀jẹ̀ á dúró. Ara iṣan tó le gbagidi ń tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pa. Ẹni tó bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ilé mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìka tó di etí kẹ́ẹ̀gì mú á kọ́kọ́ ro, iwájú apá á gan, títí yóò fi di dandan kó gbé e kalẹ̀. Bó bá gbé e kalẹ̀ tán, apá náà á gbóná, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí a dá dúró ń rọ́ padà wọlé.

Ohun tí àwọn tó gbé ẹ̀kọ́ yìí wá sórí èémí gbàgbé ni pé dáyáfíráàmù kò di nǹkan kan mú. Ó ń súnkì, ó ń dẹ̀. Ó ń súnkì, ó ń dẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àkókò tó fi ń dẹ̀ ju èyí tó fi ń súnkì lọ. Súnkì náà fúnra rẹ̀ kò sì le rárá, kò ju ìdá kékeré nínú agbára iṣan náà. Bó ṣe rí fún èrò àti danfo ní Ìyànà-Ìbà ni: bí danfo bá dúró, èrò á rọ́ wọlé, bó bá ń rọra yí, ẹni tára rẹ̀ dá ṣì lè bẹ́ wọ̀ ọ́, àfi tó bá ń sáré àsápajúdé láìdúró ni ẹnikẹ́ni kò ní lè wọ̀ ọ́. Súnkì tí kò le jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì máa wọlé, àsìkò tí iṣan bá sì dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbẹ̀. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń tú àwọn nǹkan sílẹ̀ bó ṣe ń jó oúnjẹ àti ọ́síjìn, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló sì ń pàṣẹ fún òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké kí wọ́n là sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, bí iṣan ṣe ń súnkì, ó ń fún ẹ̀jẹ̀ tó ti lò tán jáde sínú òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, àyè á ṣí fún ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí a bá wo ìṣẹ́jú àáyá kan péré nígbà tí súnkì le jù, a ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé dín kù. Bí a bá wo odindi ìṣẹ́jú kan, a ó rí i pé ó pọ̀ sí i. Àwọn tó di àṣìṣe yìí mú wo ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì fi ṣe ìdájọ́ odindi wákàtí.

Ọdún 1983 ni ìwádìí tó tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ jáde láti Montreal ní Kánádà. François Bellemare, Grassino àti àwọn méjì mìíràn ló ṣe é. Ajá tí wọ́n ti fún lóògùn tí kò jẹ́ kó mọ nǹkan kan ni wọ́n lò. Wọ́n fi iná díẹ̀díẹ̀ ta fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá fún dáyáfíráàmù, kí wọ́n lè máa pinnu fúnra wọn bí yóò ṣe súnkì tó, bí yóò ṣe pẹ́ tó nínú súnkì, àti bí yóò ṣe sinmi tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú òpó rẹ̀ kọjá.

Wọ́n lo ìṣirò kan tí Bellemare àti Grassino ti gbé kalẹ̀ ṣáájú, tó rọrùn ju bó ṣe ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹ mú agbára tí iṣan ń lò, kí ẹ fi gbogbo agbára tó ní pín in. Ẹ mú àkókò tó fi ń súnkì, kí ẹ fi gbogbo àkókò èémí kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ mímí sínú títí dé ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, pín in. Ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn. Mo ń pè é ní ìwọ̀n ẹrù nínú àròkọ yìí. Ẹni tó ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ń lo nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára dáyáfíráàmù rẹ̀, ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ jẹ́ 0.02.

Ohun tí wọ́n rí nìyí: bí ìwọ̀n ẹrù ṣe ń gòkè láti ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí dáyáfíráàmù ń pọ̀ sí i ni, kò dín kù. Ó ń pọ̀ bọ̀ títí ìwọ̀n ẹrù fi dé nǹkan bíi 0.20. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Lẹ́yìn ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ẹrù kún un ni ẹ̀jẹ̀ ń dín kù, bí wọ́n bá sì dáwọ́ iná náà dúró, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó fi hàn pé iṣan náà ti jẹ gbèsè. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe agbára súnkì nìkan ló ń mú un dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Iṣan tó ń lo ìdajì agbára rẹ̀, tó sì ń súnkì ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò, wà ní 0.15. Bí kò bá fi agbára kankan kún un, àmọ́ tí wọ́n gé àkókò ìsinmi rẹ̀ títí súnkì fi gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti di 0.30. Iṣan kan náà, agbára kan náà. Ìsinmi tó pàdánù ló mú kí ebi ẹ̀jẹ̀ máa pa á.

Ọdún kan ṣáájú, ní 1982, ni Bellemare àti Grassino ti dán irú rẹ̀ wò lára ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè wọn ẹ̀jẹ̀ inú dáyáfíráàmù ènìyàn bí wọ́n ṣe wọn ti ajá. Wọ́n ní kí àwọn tó fara wọn sílẹ̀ máa mí gba inú ohun tó dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ díẹ̀. Àwọn tí ìwọ̀n ẹrù wọn kò kọjá nǹkan bíi 0.15 lè máa bá a lọ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó bá ti kọjá rẹ̀, dáyáfíráàmù wọn á rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Láàárín 0.02 tí a fi ń mí nínú ilé àti 0.15 yìí, àyè tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po méje lọ. Ìyẹn ni ara fi pa mọ́ fún eré sísá, fún gígun àtẹ̀gùn, fún orin kíkọ, fún ẹrù rírù.

Ẹrù rírù gan-an jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Ẹ wo alábàárù tó fẹ́ gbé firíìjì ní ọjà Alábà. Kó tó gbé e, á mí sínú, á sé èémí, á mú ikùn le. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn, dáyáfíráàmù rẹ̀ le, ikùn ń tì í láti ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú iṣan náà á sì dín kù lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ Barcroft ṣẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí firíìjì bá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, tó "hùn" tó mí jáde, ẹ̀jẹ̀ ti padà, ó sì ti san gbèsè. Bí ó bá ṣe pé sísé èémí bẹ́ẹ̀ ló fi ń rìn títí dé ẹ̀bá títì ni ìbá jẹ́ ìṣòro, kò sì sí alábàárù tó mọṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tó ń sáré, òdìkejì ohun tí olùkọ́ eré ìdárayá ń wí ló ń ṣẹlẹ̀. Craig Harms, Jerome Dempsey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà lo àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 àti 1998. Àwọn elére náà gun kẹ̀kẹ́ dé ibi tí agbára wọn mọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wọn gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ èémí, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ wọn pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n fi ìdènà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí èémí le sí i, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ dín kù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé lójú iṣẹ́ tó le jù bẹ́ẹ̀, àwọn iṣan èémí lè máa gba ìdá 14 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde. Ẹsẹ̀ ló ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún èémí. Iṣan tí wọ́n ń ṣàánú pé ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa, òun ló ń kọ́kọ́ gba tirẹ̀.

Ìhà tó ń gún ọmọ yẹn ńkọ́? Darren Morton àti Robin Callister ní Ọsirélíà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, wọ́n bi àwọn elére léèrè bóyá ó ṣe wọ́n rí láàárín ọdún kan: ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òmùwẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdá 69 nínú àwọn asáré, àti ìdá 62 nínú àwọn tó ń gun ẹṣin. Ẹ dákun, ẹ wo àwọn agẹṣin yẹn dáadáa. Èémí ẹni tó jókòó lórí ẹṣin kò le tó ti asáré rárá. Bí ó bá jẹ́ pé àìsí ẹ̀jẹ̀ nínú dáyáfíráàmù ló fà á, kí ló dé tí ìhà fi ń gún wọn tó bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì tún wọn èémí àwọn tí ìhà ń gún lọ́wọ́. Agbára èémí wọn kò dín kù bí yóò ṣe rí tó bá jẹ́ pé iṣan ló ti rẹ̀. Ohun tí wọ́n fura sí jù ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo inú ikùn, tí ìjàlù ara àti oúnjẹ tó kún ikùn ń mú kó ro. Bí ọmọ bá jẹ búrẹ́dì tó sì fi mínírà tì í, tó wá bọ́ sí pápá láìpẹ́ sí ìgbà náà, kí olùkọ́ wo ibẹ̀ kó tó wo ẹ̀jẹ̀.

Níbo wá ni ewu náà wà? Ó wà lára ẹni tí kò lè dín iṣẹ́ èémí rẹ̀ kù bó ti wù kó fẹ́.

Ẹ mú ẹni tí àsímà, ikọ́ fée, gbé ṣánlẹ̀ láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, pẹ̀lú èéfín ọkọ̀ akẹ́rù lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti há, ó ní láti lo agbára púpọ̀ láti fa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kò jáde tán kó tó tún fa òmíràn, ẹ̀dọ̀fóró á kún bámúbámú, á sì tẹ dáyáfíráàmù mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Iṣan tó ti kúrú ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò lè lo gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ padà sí ìṣirò wa: agbára tó ń lò ti gòkè, gbogbo agbára tó ní ti wálẹ̀, èémí tó yára sì ń gé ìsinmi rẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ìwọ̀n ẹrù ti ń wú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kọjá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, kó bọ́ sí ibi tó ti ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ínhélà tó ń la ọ̀nà afẹ́fẹ́ fi jẹ́ ìtọ́jú iṣan èémí pẹ̀lú: ó ń dín ẹrù rẹ̀ kù, ó sì ń dá ìsinmi rẹ̀ padà fún un. Kí èrò ọkọ̀ máa pariwo mọ́ ọn pé "Mí sínú! Mí sínú gan-an!" kò ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n fún un ní ínhélà rẹ̀, kí wọ́n sì wá ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Apá kejì ewu náà ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú iṣan fúnra rẹ̀; agbára ọkàn ló ń tì í wọlé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà púpọ̀ lára ènìyàn, bí àkóràn bá ti mú kí ìfúnpá já wálẹ̀, súnkì tí kò tó nǹkan lánàá ti tó dínà ẹ̀jẹ̀ lónìí. Michel Aubier, Charis Roussos àti ẹlẹgbẹ́ wọn fi èyí hàn ní 1981 lára ajá tí wọ́n mú kí ọkàn wọn má lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa mí fúnra wọn kú, iṣan èémí wọn ló kọ́kọ́ kọṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkàn ṣì ń lù. Àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí kò kú láàárín àkókò kan náà. Ní 1983, N. Viires pẹ̀lú Aubier àti Roussos wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pín nínú irú ipò yìí. Nínú àwọn ajá tó ń mí fúnra wọn, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ló ń lọ sí iṣan èémí. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ìdá 3 péré. Ìyókù ráyè lọ sí ọpọlọ, sí ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí ní ilé ìwòsàn máa ń rò pé bí dókítà bá ti so ènìyàn wọn mọ́ ẹ̀rọ èémí, ó ti parí nìyẹn. Nínú irú ipò yìí, ẹ̀rọ náà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iṣan kan kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kù lè dé ibi tó ṣe kókó. Mo fẹ́ kí àwọn mọ̀lẹ́bí mọ èyí.

Lára ọmọ kékeré ni àṣìṣe yìí ti ń pa wá lára jù. Thomas Keens àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò fọ́nrán iṣan dáyáfíráàmù ní 1978, wọ́n rí i pé àwọn fọ́nrán tí kì í tètè rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún lára àgbàlagbà, kò sì ju nǹkan bí ìdá 25 lọ lára ọmọ tuntun tí oṣù rẹ̀ pé. Lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ìdá 10 péré ni. Egungun ìhà ọmọ rọ̀, nígbà tí dáyáfíráàmù bá fà kíkankíkan, ìsàlẹ̀ àyà fúnra rẹ̀ á wọlé, apá kan nínú agbára náà á sì ṣòfò. Ìwọ̀lé àyà yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa wò lára ọmọ tó ń wúkọ́, láti mọ̀ bóyá òtútù àyà ló mú un, pẹ̀lú kíka èémí, tó ti yára jù bó bá jẹ́ ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù méjì, 50 bó bá wà láàárín oṣù méjì sí mọ́kànlá, 40 bó bá wà láàárín ọdún kan sí márùn-ún.

Òótọ́ ni pé kíka èémí ṣe pàtàkì. Àmọ́ ẹni tó gbà pé súnkì ló ń pa iṣan lára yóò rò pé bí súnkì bá ti dín, iṣan ti bọ́ nìyẹn. Ìyá kan ní Okokomaiko lè máa wo ọmọ rẹ̀ láti alẹ́: àyà ń wọlé, imú ń fẹ̀, èémí ń lé ní 60. Nígbà tó bá di òwúrọ̀ kùtùkùtù, èémí á rọlẹ̀, ariwo á dákẹ́. Àwọn ará ilé á ní ẹ dúpẹ́, ara ti ń balẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé iṣan tó ti kọjá ààlà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti òru ló ti rẹ̀, tí kò lè fà mọ́. Iye èémí nìkan kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti ń ran wá lọ́wọ́ gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Falade ti Ìbàdàn, pẹ̀lú Hamish Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé e pẹ̀lú ètò ọ́síjìn lọ sí ilé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àbájáde iṣẹ́ náà sì jáde ní 2019. Mo fẹ́ kí gbogbo ibùdó ìlera ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti àgbègbè wọn ní in. Síbẹ̀, iye ọ́síjìn tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn kò sọ iye iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe kí ọ́síjìn náà tó wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè wà ní ìwọ̀n tó dára lójú ẹ̀rọ nígbà tí dáyáfíráàmù rẹ̀ ń sún mọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ dín kù. Nọ́ọ̀sì tó mọ èyí kò ní torí nọ́ńbà yẹn gbójú kúrò lára àyà ọmọ.

Nítorí náà, nígbà tí èémí ọmọ bá rọlẹ̀ lójijì lẹ́yìn òru tó le, kí wọ́n pè é lórúkọ, kí wọ́n wò ó bóyá ó lajú, bóyá ó mọ ìyá rẹ̀. Kí wọ́n fún un lọ́mú tàbí omi díẹ̀ bó bá lajú dáadáa. Ọmọ tí ara ń balẹ̀ fún á wò, á mu, ohùn rẹ̀ á jáde bó bá sunkún. Ọmọ tí iṣan rẹ̀ ti rẹ̀ á rọ jọwọlọ, kò ní lè mu, ẹkún rẹ̀ kò ní ní agbára, ètè rẹ̀ tàbí ahọ́n rẹ̀ lè ti dúdú. Èyí kejì kò gbọ́dọ̀ dúró de ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kí wọ́n gbé e sí àyà ìyá rẹ̀ ní ìjókòó, kí orí rẹ̀ má tẹ̀ síwájú, kí wọ́n máa lọ, yálà sí ibùdó tó sún mọ́ wọn jù tó ní ọ́síjìn, tàbí gba Ìyànà-Ìbà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndó. Bí wọ́n bá débẹ̀, kí ìyá sọ fún nọ́ọ̀sì pé èémí náà le láti alẹ́, àti aago tó rọlẹ̀, torí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ náà kò lè mọ̀ pé ó ti fi odindi òru ṣiṣẹ́.